Àbúrò Tí Oyèbámijí Kò Dá Lóhùn

Kì í ṣe ọ̀mùtí. Kì í lé obìnrin kiri, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó ja òun lólè rí. Bí o bá dé ilé-ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà, tí o sì béèrè Oyèbámijí ọmọ Nàìjíríà, wọn yóò sọ fún ọ pé èèyàn dáadáa ni, pé òun ló ń tún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn kíndìnrín ṣe, àti pé ẹ̀rọ tó bá ti fọwọ́ kàn kì í tún bàjẹ́ bọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka ìwé pélébé yìí, má ṣe rò pé ìtàn ẹni burúkú kan ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn ẹni tó ṣeé ṣe kó jọ ọ́ ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Oyèbámijí ti dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, arúgbó kan tí kì í pa ìsìn jẹ. Ó ṣe ìrìbọmi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó mọ orin púpọ̀ sórí, ó sì lè gbàdúrà tí ẹ̀rù á ba ẹni tó bá ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ìyá àgbà ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kú, ó gbé ìgbàgbọ́ náà lọ.

Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Nojeem. Lẹ́yìn tí bàbá Oyèbámijí kú, ìyá wọn fẹ́ Mùsùlùmí kan ní Ìwó, ibẹ̀ ni wọ́n bí Nojeem sí. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí Oyèbámijí bá lọ lo ọlidé ní Ìwó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Nojeem máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá Nojeem jà. Bí ó bá dé sí i, egungun ni ó máa ń bá a jà, á sì máa ké bí ẹni tí wọ́n ń dáná sun. Síbẹ̀, ọmọ náà mọ̀wé. Ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti kọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, nígbà tí Oyèbámijí ti lo ọdún méjì ní Jẹ́dà. Ìyá wọn pe Oyèbámijí sórí fóònù lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọ ọkọ̀ òfuurufú.

“Oyè,” ìyá wọn wí, “ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ó dá nìkan ṣàìsàn.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, màámi.”

Kristẹni kì í wọ Mẹ́kà, nítorí náà Nojeem ló máa ń wá. Yàrá kan ni òun àti Bilal, ọmọ Ìwó bíi tirẹ̀, jọ ń gbé ní Al-Ka'kiyah, àdúgbò kan ní Mẹ́kà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Jẹ́dà, á jẹun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sùn lórí àga rẹ̀, á sì padà lọ́jọ́ kejì. Ìgbà kan nínú ìgbà wọ̀nyẹn ni ara rẹ̀ yí padà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ọ̀fun rẹ̀ sì wú tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí èémí rẹ̀ dá. Dókítà kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sórí ìwé, ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ó ní ibikíbi tí ọmọ yìí bá ti ń gba ìtọ́jú, kí wọ́n fi ìwé náà hàn kí ẹnikẹ́ni tó fún un lábẹ́rẹ́. Nojeem sọ tirẹ̀ nù nígbà tí wọ́n ń kó yàrá. Ti Oyèbámijí wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Ní Jẹ́dà, àwọn ọmọ Nàìjíríà mélòó kan tó jẹ́ Kristẹni máa ń pàdé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí iṣẹ́ kò sí, nínú pálọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògoolúwa. Nọ́ọ̀sì ni, òun àti Oyèbámijí jọ wà ní ilé-ìwòsàn kan náà. Wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á rọra kọrin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹun, kálukú á sì lọ. Oyèbámijí lọ nígbà mẹ́rin ní ọdún tó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà kò lọ mọ́.

Eré kan tí wọ́n ń pè ní fántásì ló gba ọkàn rẹ̀. Raed, ọmọ Sáúdí kan tí wọ́n jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó kàwé ní Amẹ́ríkà, ló mú eré náà wọ ilé-ìwòsàn wọn. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré, tí àwọn yòókù á sì máa lé ẹni tó gbé e kí wọ́n lè gbé e ṣánlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe fántásì kì í dé pápá. Inú fóònù ni yóò ti yan àwọn agbábọ́ọ̀lù láti inú ẹgbẹ́ oríṣiríṣi, yóò pè wọ́n ní tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì ṣe lọ́hùn-ún lópin ọ̀sẹ̀ ni yóò di máàkì fún un. Àwọn méjìlá ni wọ́n jọ ń díje. Kò sówó nídìí rẹ̀. Ife oníke kan ni ẹni tó bá borí máa ń gbé sórí tábìlì rẹ̀ fún ọdún kan, àwọn yòókù á sì máa pè é ní ọ̀gá.

Oyèbámijí fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀gá.

Bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, òun ló kọ́kọ́ ń wò tó bá jí, òun ló ń wò kẹ́yìn kó tó sùn. Nojeem á wá lọ́jọ́ Ẹtì, á jókòó tì í, á máa sọ ohun tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ wí fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì máa dáhùn “ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n” láìgbójú sókè. Nígbà tó yá, ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Á jẹun, á fọ abọ́, á sùn.

Ògoolúwa pàdé rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ kan.

“Oyè, a ò rí ọ mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì?”

Oyèbámijí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ògoolúwa wò ó díẹ̀. “Ọkàn rẹ ni mo ń bi ọ́ nípa rẹ̀,” ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà bí Oyèbámijí nínú. Ó rò ó lọ́kàn pé kí ni òun ṣe gan-an.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Kérésìmesì ni àṣekágbá ọdún náà bọ́ sí. Raed ni Oyèbámijí fẹ́ bá jà á. Kérésìmesì fúnra rẹ̀ ti kọjá láìjẹ́ pé ó yà sílé Ògoolúwa, bó tilẹ̀ ti ṣèlérí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ Àìkú ní Jẹ́dà. Agogo mẹ́rin ló parí iṣẹ́, ó lọ sílé, ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ láti yanjú ohun kan ṣoṣo tó kù.

Ipò kan wà nínú bọ́ọ̀lù náà tí wọ́n ń pè ní táìtì ẹ́ńdì. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, tó lè fi ara dí ọ̀nà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì tún lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i. Méjì ni Oyèbámijí ní, Brannock àti Teague, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè lò. Brannock máa ń gba bọ́ọ̀lù tó ìgbà méje nínú ìdíje kan, máàkì rẹ̀ kì í já ènìyàn kulẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e dé òpin pápá, níbi tí máàkì ńlá wà. Teague lè gba mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti sún mọ́ òpin pápá, òun ni wọ́n máa ń wá. Ọrùn ẹsẹ̀ Brannock rọ́ lọ́jọ́rú. Ní ìlú tí Teague ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní yìnyín yóò bọ́, atẹ́gùn yóò sì fẹ́, bọ́ọ̀lù kì í sì í fò dáadáa nínú atẹ́gùn. Bí ó bá di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ilẹ̀kùn á tì. Ẹni tí ó bá yàn ni yóò bá a dúró.

Fóònù dún ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀. Nojeem ni.

“Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ara ń ro mí díẹ̀.”

“Ṣé o ti mu omi?”

“Mo ti mu púpọ̀. Àyà ló ń dùn mí. Bilal ní ká lọ sí kíníìkì. Bọ̀dá mi, ìwé ọjọ́sí ńkọ́, èyí tí wọ́n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n á bi mí.”

“Ó wà níbí. Màá wá a.”

“Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi.”

Dúrọ́ọ̀ náà wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kì bá gbà á ní ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n ìròyìn ẹsẹ̀ Brannock ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ó fẹ́ kà á tán. Ó ka ti Brannock tán, ó wo ojú ọjọ́ ní ìlú Teague. Fóònù tún mì. Ó pa ohùn rẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ó kórìíra àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àìsàn tó ti mọ́ra ni, pé wọ́n ti dé kíníìkì, pé òun á ṣe é tí òun bá ti parí èyí. Ó gbé Brannock wọlé, ó yọ ọ́. Ó gbé Teague wọlé. Ó ka ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n eré náà wí, ó tún yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí mẹ́rin lọ.

Ìgbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó di mẹ́sàn-án, ó fi Teague síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó nà ara rẹ̀, ó wá gbé fóònù.

Ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n ti pè é. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Nojeem fi ohùn rẹ̀ sọ ní agogo mẹ́fà ku díẹ̀. Èémí rẹ̀ ń já. “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Dókítà ń dúró de ìwé yẹn ni. Ó ní òun ò lè dá a dán wò. Ẹ jọ̀ọ́.” Ti Bilal ló kún ìyókù. Nínú èyí tó kọ́kọ́ rán, ó ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ẹkún ló ń sun. Èyí tó rán kẹ́yìn kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti rí èyí, ẹ pè mí.”

Kí Oyèbámijí tó pe Bilal ló ti mọ̀ pé Nojeem ti kú.

Dókítà náà kò dá a lẹ́bi. Ó sọ fún un lórí fóònù pé oògùn mìíràn làwọn lò nígbà tí àwọn kò lè dúró mọ́, pé kò lágbára tó, pé ẹ̀jẹ̀ ti dí ní ẹ̀dọ̀fóró. Oyèbámijí bi í pé bí ìwé náà bá dé ní agogo márùn-ún ńkọ́. “Bóyá,” dókítà wí. “Ọlọ́run ló mọ̀.” Láti ọjọ́ náà, bóyá yẹn kò jẹ́ kí ó sinmi.

Ó pe ìyá wọn. Igbe tí obìnrin náà ké, n kò ní kọ ọ́ síbí. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun kan ló béèrè.

“Oyè, ṣé o bá a sọ̀rọ̀? Ṣé ó gbóhùn rẹ títí tó fi lọ?”

“Ó gbóhùn mi, màámi. Orí fóònù ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀ títí.”

Irọ́ ni ó fi tu ìyá rẹ̀ nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Raed fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ọ̀nà Mẹ́kà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ sin Nojeem. Wọn ò sọ̀rọ̀ eré. Nígbà tí wọ́n dé Shumaysi, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ọkọ̀ wò kó tó wọ Mẹ́kà, ọlọ́pàá kan gba ìkáámà Oyèbámijí, káàdì tí àlejò fi ń gbé nílẹ̀ náà. Ó wo káàdì náà, ó wo ojú rẹ̀.

“Masihi,” ó wí. Kristẹni. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà kejì, èyí tó yí ìlú náà ká.

Raed páàkì sí ilé epo kan. “Ṣé kí n dúró tì ọ́?” ó béèrè.

“Rárá. Lọ bá mi dúró tì í.”

Raed lọ. Oyèbámijí jókòó sórí pèpéle síméńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Oòrùn mú. Àwọn bọ́ọ̀sì tó kó àwọn oní-úmúrà ń kọjá, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn tó wà nínú wọn wọ aṣọ funfun. Ó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá náà sọ. Kristẹni. Nítorí orúkọ yẹn ni kò fi lè sin ọmọ ìyá rẹ̀. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè, bí ẹni tó ń bi ẹlòmíràn: ọjọ́ wo ni mo jẹ́ ọ̀kan rí? Kò rí ọjọ́ kankan dárúkọ.

Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún. Àwọn ará fántásì ni, àwọn tí wọn ò tíì gbọ́. Teague gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá lẹ́ẹ̀mejì nínú yìnyín. Oyèbámijí ti borí. Wọ́n ń pè é ní ọ̀gá.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Raed pè é, ó ṣí àwòrán kí ó lè rí wọn. Wọ́n ti kírun sí Nojeem lára, wọ́n ti gbé e dé itẹ́ òkú ní Al-Hujun. Ohun tí Oyèbámijí rí kò ju ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin lọ, àti iyanrìn, àti aṣọ funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó gbọ́ tí Bilal ń sunkún. Kí wọ́n tó kó iyanrìn bò ó tán, fóònù já.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú yàrá rẹ̀. Kò lọ síbi iṣẹ́. Kò jẹun tó ṣeé pè lóúnjẹ. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, àwọn àdúrà tó dùn létí tó kọ́ lọ́mọdé ló ń wá sí i lẹ́nu, ojú sì ń tì í láti pè wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin Ògoolúwa wá. Ó gbé ọbẹ̀ wá nínú kúlà, ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ nítorí pé Oyèbámijí wà lórí ilẹ̀.

Oyèbámijí sọ gbogbo rẹ̀ fún un: dúrọ́ọ̀, Brannock àti Teague, ipe mẹ́rìnlá, irọ́ tó pa fún ìyá rẹ̀. Ògoolúwa kò dá a dúró, kò sì sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo ni àbúrò mi wà báyìí?”

“Èmi kọ́ ni onídàájọ́, Oyè. Ẹni tó dá a mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ìwọ ni mo wá bá.”

“Èmi ti tán.”

“Mo mọ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn bá tó mọ̀ pé òun ti tán ni Jésù máa ń rí i bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bi ọ́ nípa ọkàn rẹ, o rẹ́rìn-ín.”

“Ṣé yóò dá Nojeem padà fún mi?”

“Rárá.”

“Ṣé ohun tí mo ṣe kò ní jẹ́ ohun tí mo ṣe mọ́ ni?”

“Ohun tí o ṣe ni yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n Ẹnì kan ti kú nítorí rẹ̀, kí o má baà kú sínú rẹ̀. N kò ní nǹkan mìíràn láti fún ọ, Oyè. Bí mo bá ní, ǹ bá fún ọ.”

Oyèbámijí fi orí kanlẹ̀. Kò gbàdúrà tó gùn. “Jésù Olúwa, mo pa ọmọ ìyá mi tì nítorí ohun asán. Ìwọ náà, mo pa ọ́ tì. N kò ní àwáwí. Ṣàánú mi.” Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò sì fúyẹ́ lójijì. Ó sọ fún mi pé ohun tí òun mọ̀ ni pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun, òun mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ òun, àti pé òun kò lè parọ́ fún Un.

Nítorí pé kò lè parọ́ mọ́, ó gbé fóònù lójú Ògoolúwa, ó pe ìyá rẹ̀.

“Màámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Nojeem pè mí, n kò gbé e. Eré ni mo ń ṣe. Ó ń pè mí títí ó fi kú.”

Ìyá rẹ̀ kò ké lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ pé, “O ṣeun tí o sọ òótọ́,” ó sì pa fóònù.

Ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, oṣù mẹ́jọ ti kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Oyèbámijí máa ń wà pẹ̀lú wa ní pálọ̀ Ògoolúwa, ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Kò ṣe fántásì mọ́. Ó ń pe ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láti ìgbà náà. Ìyá rẹ̀ kò gbé e rí. Ó ti rán àwọn ẹbí sí i, wọ́n ní kó fún obìnrin náà láyè. Oyèbámijí máa ń sunkún bí a bá ń gbàdúrà, a kì í sì í ní kó dákẹ́. Ọlọ́run ti dárí jì í, ó gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kò sí mọ́, ilẹ̀ tó sì bò ó mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ ohun tó gba ọkàn rẹ. Ó lè jẹ́ ohun tí kò burú lójú ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ohun tó ń mú ọ rẹ́rìn-ín, tí o sì ń wí pé, “Kí ni mo ṣe gan-an?” Bóyá wọ́n ti rì ọ́ bọmi. Bóyá orúkọ Kristẹni wà lórí ìwé rẹ bó ṣe wà lórí ti Oyèbámijí. Mo bi ọ́: bí wọ́n bá ní kí o dárúkọ ọjọ́ tí o di ti Jésù ní tòótọ́, ṣé o lè dárúkọ rẹ̀?

Má sọ pé ó di ìgbà tí o bá parí èyí. N kò lè ṣèlérí fún ọ pé bí o bá wá sọ́dọ̀ Jésù, gbogbo ohun tí o ti bà jẹ́ yóò padà sípò. Òmíràn kì í padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá ní òní yìí, nígbà tí àwọn tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbọ́ nígbà tí o bá ní kí wọ́n foríjì ọ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ó tó fún ti Oyèbámijí.

Gbé ìwé yìí kalẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, ì báà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tàbí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́. Sọ fún Un ohun tí o ṣe, bó ṣe rí gan-an, má bù ú kù. Má sì dìde títí o fi sọ ọ́ tán.